Ọmọ Íjíbítì Tó Gbààwẹ̀ Lórí Pèpéle Súmò

Ẹni tó bá ti gbààwẹ̀ Ràmàdáánì nígbà ooru rí ní Gàmbàrí, ní Ìlọrin níbí, mọ bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣe máa ń rí. Itọ́ á ti gbẹ lẹ́nu, ẹsẹ̀ á ti wúwo, alápatà tó ń pariwo láàárọ̀ á ti dákẹ́, kálukú á máa retí ìgbà tí wọ́n máa pe ìrun Mọ̀ǹgàríbì. Irú àkókò yẹn gan-an ni ọmọ Íjíbítì kan tó ń jẹ́ Abdelrahman Shaalan gun orí pèpéle amọ̀ nílùú Nagoya, lórílẹ̀-èdè Japan, lọ́jọ́ 17 oṣù Keje ọdún 2014. Ẹni tó dojú kọ ni Kakuryu, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́ta péré tó wà nípò yokozuna nígbà náà, ipò tí kò sí òmíràn lókè rẹ̀ nínú ìjàkadì súmò. Láti òru ni Shaalan ti mú ẹnu rò. Ó ṣẹ́gun Kakuryu. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó tún gbààwẹ̀, ó tún gun orí pèpéle náà nírọ̀lẹ́, ó sì ṣẹ́gun Harumafuji, yokozuna mìíràn.

Osunaarashi ni orúkọ tí wọ́n fún un nídìí iṣẹ́, ìyẹn ìjì yanrìn ńlá. Òun ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó fi súmò ṣe iṣẹ́ jẹun. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé ibi tó dùn jù nínú rẹ̀ àti ibi tó korò jù, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: agbára lè gbé ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà, àmọ́ ìlànà ilé ló ń pinnu bó ṣe máa pẹ́ tó nínú ilé.

Íjíbítì kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí Ìlọrin. Ó pẹ́ tí àwọn ọmọ wa ti ń lọ kàwé ní Al-Azhar ní Cairo, ọ̀pọ̀ agbo ilé àáfà ló sì lẹ́ni tó ti dé ibẹ̀. Giza tí Shaalan ti wá, odò Náílì ló là á kúrò lára Cairo. Ọdún 1992 ni wọ́n bí i. Nígbà tó fi wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, irin ló ń gbé, ara rẹ̀ ti ki, ó sì gbójú lé e. Ìgbà tó kọ́kọ́ dán súmò wò, ẹni tó kéré sí i jìnnà lára ló ń gbé e ṣubú léraléra. Ẹlòmíràn á bínú, á sì lọ. Tirẹ̀ yàtọ̀. Ìṣubú yẹn ló dè é mọ́ iṣẹ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ, ó ń lọ sí ìdíje àwọn ọ̀dọ́ nílẹ̀ òkèèrè, títí tí ọdún 2011 fi dé. Ọdún yẹn làwọn ará Íjíbítì lé Mubarak kúrò lórí àléfà. Ọdún yẹn náà ni Shaalan, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, kẹ́rù ó di Japan.

Kò sẹ́ni tó lè dá súmò ṣe fúnra rẹ̀. Ó di dandan kó wà lábẹ́ ọ̀gá, nínú ilé tí ọ̀gá náà dá sílẹ̀, kó máa gbébẹ̀, kó máa jẹun níbẹ̀, kó máa sùn níbẹ̀. Àwọn ilé bẹ́ẹ̀ lé ní ogójì nígbà tó débẹ̀, òfin sì ni pé ilé kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ní ju àlejò kan ṣoṣo lọ. Fún ọmọ tí kò gbọ́ èdè, tí kò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, tó ní òun máa kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, ẹ lè fojú inú wo ìdáhùn tó ń gbà. Ilé kan kọ̀ ọ́, òmíràn kọ̀ ọ́, wọ́n ń kọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó ń jẹ́ Otake ló gbà á nígbẹ̀yìn. Ilé náà kì í ṣe ilé kékeré. Taiho ló dá a sílẹ̀, akọni tó gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje ńlá nígbà 32 láyé tirẹ̀. Taiho fúnra rẹ̀, ọmọ ará Ukraine ni lọ́dọ̀ bàbá. Bóyá ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ilé náà lè gba ẹni tí àwọn yòókù ò gbà. Èrò tèmi nìyẹn.

Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ rí ní Gàmbàrí, ìbáà jẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀, lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tàbí lọ́dọ̀ ahunṣọ, kò ní nílò àlàyé púpọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń gbé nínú ilé súmò. Ọmọṣẹ́ tuntun ló ń kọ́kọ́ jí, nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí. Òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń fọ ìgbọ̀nsẹ̀, òun ló ń gbọ́únjẹ, òun ló ń fọ ẹ̀yìn àwọn ẹ̀gbọ́n nílé ìwẹ̀. Àwọn tó wà lókè ló ń kọ́kọ́ wẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ jẹun, kó tó kan àwọn ọmọdé. Nínú ilé súmò, kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń sọni di ẹ̀gbọ́n, ipò ni. Bí ọmọ ogún ọdún bá gòkè, tí ẹni ọgbọ̀n ọdún ṣì wà nísàlẹ̀, ẹni ọgbọ̀n ọdún ló máa ru ẹrù fún ọmọ ogún. Apá yìí máa ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti gbà, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Kò tíì sí oúnjẹ àárọ̀ nígbà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Inú òfìfo ni wọ́n fi ń ta ara wọn lu fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kan sókè dé ibi tó lè ga dé, wọ́n á fi gbá ilẹ̀, wọ́n á gbé ìkejì, àìmọye ìgbà láàárọ̀ kan. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n ni wọ́n á tó gbé ìkòkò ńlá kalẹ̀: ẹran, ẹja, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà sóyà tí wọ́n sọ di wàrà líle, gbogbo rẹ̀ nínú omi ọbẹ̀ kan, pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì gàgàrà. Chanko ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fẹ́ràn láti máa fi adìẹ sè é, nítorí pé ẹsẹ̀ méjì ni adìẹ fi ń dúró, ẹni tó bá sì fọwọ́ kan ilẹ̀ lójú ìjà ti pàdánù. Wọ́n á jẹ, wọ́n á sùn. Bí ara ṣe ń ki nìyẹn.

Ìwà ìkà náà wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ ká fi pamọ́. Lọ́dún 2007, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan kú nínú ilé súmò mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n lù ú bí ẹni máa pa á, ilé ẹjọ́ sì rán ọ̀gá ilé náà lẹ́wọ̀n. Àwa náà ní àwọn ọ̀gá tó gbà pé pàṣán ni ẹ̀kọ́. Irọ́ ni. Ọmọṣẹ́ tí a lù kò mọṣẹ́ ju èyí tí a fara balẹ̀ kọ́ lọ, mo sì gbà pé ohun tó sọ Japan di Japan nínú súmò ni àtúnṣe ojoojúmọ́ lórí ohun kékeré: ibi tí ìka ẹsẹ̀ yẹ kó wà, bí ìdí ṣe gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ tó, ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ wọ abẹ́ apá ẹlòmíràn.

Ọdún 2012 ni Shaalan bẹ̀rẹ̀ sí í jà, láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìpele mẹ́fà ló wà. Ẹni tó bá wà nínú mẹ́rin ìsàlẹ̀ kì í gba owó oṣù, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fún un. Ìgbà tó bá wọ ìpele karùn-ún, juryo, ni owó oṣù bẹ̀rẹ̀, mílíọ̀nù yẹ́ẹ̀nì kan àti díẹ̀, ìgbà náà ló sì lè ní yàrá tirẹ̀ àti ọmọṣẹ́ tó ń ràn án lọ́wọ́. Makuuchi ló wà lókè ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lọ́dún ni ìdíje ńlá máa ń wáyé, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojoojúmọ́ sì làwọn àgbà ń jà. Ẹni tó bá ṣẹ́gun lẹ́ẹ̀mẹjọ á gòkè, ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀mẹjọ á wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń lo gbogbo ìgbà èwe wọn láìdé juryo rárá. Shaalan wọ juryo ní oṣù Keje ọdún 2013, ó sì wọ makuuchi ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Eré burúkú nìyẹn.

Pèpéle náà kò tóbi. Òbírí tí wọ́n fi okùn koríko ìrẹsì ká ni, ìbú rẹ̀ kò ju mítà 4.55 lọ. Kò sí pé a wọn ẹni méjì bóyá wọ́n ṣe rẹ́gí. Ẹni ọgọ́rùn-ún kílò lè bá ẹni igba kílò jà. Bí apá kankan lára bá kan ilẹ̀ yàtọ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí bí ẹsẹ̀ bá jáde nínú òbírí, ó parí. Ìjà púpọ̀ kì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ ló ń pẹ́: wọ́n á bu iyọ̀ lọ́wọ́, wọ́n á fọ́n ọn sórí pèpéle láti fi sọ ọ́ di mímọ́, wọ́n á lóṣòó, wọ́n á wo ara wọn lójú, wọ́n á dìde, wọ́n á tún lọ bu iyọ̀. Kí wọ́n tó ṣe gbogbo èyí, ẹnì kan á fi kọ́ọ̀bù onígi gbé omi fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n á fi yọ ẹnu, wọ́n á tu ú dànù.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi omi yẹn. Gbogbo ọmọ ilé kéwú ní Gàmbàrí ló mọ̀ pé alááwẹ̀ lè yọ ẹnu nínú àlùwàlá, bí kò bá ti gbé omi náà mì. Ohun tó jẹ́ àṣà lọ́dọ̀ àwọn ará Japan wá bọ́ sí ohun tí ẹ̀sìn ọmọkùnrin yìí fàyè gbà. Àmọ́ omi tútù lẹ́nu, nírọ̀lẹ́, nínú ooru Nagoya, kí èèyàn tu ú dànù! Oṣù Keje ni ìdíje Nagoya, ó sì bọ́ sínú Ràmàdáánì lọ́dún 2013 àti 2014. Lásìkò yẹn, ilẹ̀ Nagoya ti ń fẹ́ mọ́ ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, oòrùn kì í sì í wọ̀ kó tó kọjá aago méje alẹ́. Wákàtí mẹ́rìndínlógún nìyẹn. Tiwa ní Ìlọrin kì í ju bíi mẹ́rìnlá lọ. Ìjà àwọn àgbà sì máa ń parí ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tó ku wákàtí kan gééré kí alááwẹ̀ tó fẹnu kan nǹkan. Wákàtí tí ara rẹ̀ gbẹ jù lójúmọ́ ni wọ́n ń pè é síta láti wá ti òkè ńlá.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn àáfà wa máa béèrè, ó sì tọ́ kí wọ́n béèrè. Súmò ní ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ilẹ̀ Japan nínú. Iyọ̀ tí wọ́n ń fọ́n, ètùtù tí wọ́n ń ṣe sórí pèpéle kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, pẹpẹ tó wà lára ògiri ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kò sí èyí tó jẹ́ eré lásán. Wọn kì í tilẹ̀ í jẹ́ kí obìnrin gun orí pèpéle náà, àṣà kan tí mo gbà pé ó ti tó àkókò kí wọ́n fi sílẹ̀. Báwo ni Mùsùlùmí ṣe lè wà láàárín ìyẹn? Ohun tí mo rí nínú ìgbésí ayé Shaalan ni pé ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwà ọmọlúàbí sí onílé àti ìjọsìn. Ó wọ aṣọ wọn, ó dirun bí wọ́n ṣe ń dirun, ó jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ó tẹrí ba fún ẹni tó bá jà. Àmọ́ ó kírun rẹ̀, kò jẹ ẹlẹ́dẹ̀, kò jẹ ààwẹ̀. Ilé Otake náà ṣe tiwọn, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún un. Ìlọrin tí Yorùbá, Fúlàní, Hausa, Kànńbárí àti Núpé jọ dá sílẹ̀ yẹ kó lè mọrírì irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Hausa ló tẹ Gàmbàrí dó, àwọn Hausa sì ní ìjàkadì tiwọn, kokawa, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní dambe, ẹ̀ṣẹ́ kíkàn tí àwọn alápatà fẹ́ràn. Yorùbá ní gídígbò. Kò sí èyí tó kéré nínú wọn. Ohun tí wọn kò ní lọ́dọ̀ wa ni ilé, ọ̀gá, ìpele àti owó oṣù. Àwọn ará Niger rí èyí ní kùtùkùtù: láti ọdún 1975 ni ìjọba wọn ti ń ṣe ìdíje kokawa gbogbo orílẹ̀-èdè, idà sì ni wọ́n fi ń dá olúborí lọ́lá. Ní Senegal, ìjàkadì ti di iṣẹ́ tó ń kó pápá ìṣeré kún. Lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 2012, tí Balla Gaye 2 gbé Yekini ṣubú ní Dakar, ẹni tí kò tíì ṣubú rí fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gbogbo ìlú ló dúró. Lọ́dún 2018, wọ́n ṣí pápá ìjàkadì tó gba ogún ẹgbẹ̀rún èèyàn ní Pikine. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá ga, tó ki, bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nìkan ló rí sá sí, bí ti Kwara Falcons tó ṣojú Nàìjíríà nínú ìdíje Áfíríkà lọ́dún 2023. Tolulope Omogbehin, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó lọ́dún 1994, bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ló gbé e dé Amẹ́ríkà kó tó di Omos, òmìrán inú ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n. Òun náà dé Japan, ó sì gba bẹ́líìtì ìjà ẹni méjì sí ẹni méjì níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2025. Ìjàkadì tirẹ̀ yàtọ̀ sí súmò pátápátá, àmọ́ ẹ wo ọ̀nà jíjìn tí ọmọ náà rìn kó tó rí ẹni tó máa sọ ara ńlá rẹ̀ diṣẹ́.

Nígbà tó fi di oṣù Kọkànlá ọdún 2014, Shaalan ti dé maegashira kìíní, ipò tó wà lẹ́yìn àwọn olóyè gan-an. Kò gòkè ju ibẹ̀ lọ. Orúnkún ló mú un. Ó ń fi agbára apá jà jù, ó ń tì, ó ń fa, ìdí rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń san gbèsè ohun tí apá jẹ. Ó ń pàdánù ọjọ́ ìjà, ó ń wálẹ̀, ó ń tiraka padà, ó tún ń wálẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2018, juryo ló wà.

Oṣù yẹn ni ìròyìn jáde pé ó ní ìjàǹbá mọ́tò ní ẹkùn Nagano. Ẹgbẹ́ súmò ilẹ̀ Japan kò gbà kí oníjàkadì wa mọ́tò rárá, ẹ̀sùn pé kò ní ìwé àṣẹ tó yẹ sì tún wà níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ sọ pé ìyàwó òun ló wà á. Ẹ̀rí fi hàn pé òun ni. Àkókò náà burú: ní oṣù Kọkànlá tó kọjá ni Harumafuji, yokozuna tí ó ṣẹ́gun ní Nagoya, kúrò nídìí iṣẹ́ nítorí pé ó lu oníjàkadì ẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo Japan sì ń béèrè bóyá ẹgbẹ́ súmò lè tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ sọ́nà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, ẹgbẹ́ náà ní kí Shaalan kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni.

Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, ó ṣì ń dùn mí. Mi ò lè sọ pé wọ́n yàn án jẹ, nítorí ó mọ òfin ọkọ̀ wíwà bó ṣe mọ òfin òbírí, irọ́ tó wá tẹ̀ lé e sì wúwo ju ìwakọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Àmọ́ ọmọ tó fi ebi jà lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn láìbu òfin ẹ̀sìn rẹ̀, òun ni òfin mọ́tò gbé ṣubú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, ó gbìyànjú ìjà aládàpọ̀ nílùú Saitama, ó pàdé Bob Sapp, ó sì pàdánù.

Oṣù Kìíní ọdún 2018 náà, tí ọ̀rọ̀ mọ́tò ń jó bí iná, ni ọmọ-ọmọ Taiho wọlé sí ilé Otake, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Oho ni wọ́n ń pè é. Ó dé makuuchi lọ́dún 2022, ó sì di sekiwake lọ́dún 2025, ipò méjì péré sí yokozuna. Kò tíì sí ọmọ Áfíríkà kankan tó dé makuuchi lẹ́yìn Shaalan. Òfin àlejò kan ṣoṣo nínú ilé kan kò yí padà, àyè díẹ̀ ló wà, wọn kì í sì í gba ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́tàlélógún bí kò bá ní orúkọ kan láti ibòmíràn. Ọmọ Gàmbàrí tó bá ń rò ó, kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà tí irùngbọ̀n bá hù.